Ohùn Ilé Lórí Dùùrù Òkèèrè: Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Orin Fẹlá Ṣówándé

Ní ìgbà èwe wa ní Amuro, ní ilẹ̀ Òkun, dùùrù kan wà nínú ilé ìjọsìn wa tí a máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, dùùrù tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti bàbá tí ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tí eku sì ti jẹ awọ ẹwìrì rẹ̀ níbi méjì, tó fi jẹ́ pé bí orin bá ti wọ ẹsẹ̀ kẹta, mímí ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tí ó ru igi gun òkè. Orí ohun èlò yìí ni a ti kọ́ àwọn orin tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kó wá, tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí Yorùbá láì fọwọ́ kan ohùn wọn. Nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ wa bá ti fẹ́ lọ sókè, ohùn orin a wálẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ sinmi, ohùn orin a fò sókè, ìlú a di ìlù, ọkọ a di ọkọ́, kò sì sí ẹni tí í rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti mọ́ wa lára. Ìyá mi àgbà nìkan ni kò mọ́ lára. Bí a bá ti ìsìn dé, a béèrè pé, "Kí ni ẹ ń kọ láàárọ̀ yìí? Bó bá ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́."

Ẹjọ́ tí ìyá àgbà aláìmọ̀wé yìí ń rò ni ẹjọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé orin ilẹ̀ Yorùbá ti ń bá yí láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí oníkálukú wọn ń wá ọ̀nà tí ohun èlò òyìnbó yóò fi sọ èdè wa láì kólòlò. Nínú gbogbo àwọn tí ó wá ọ̀nà náà, n kò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lórí ohun èlò, tí orí rẹ̀ sì tún pé nídìí ìṣẹ̀dá orin, bí ti Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé. Ó yẹ kí a là á yéni níhìn-ín pé Fẹlá yìí kọ́ ni Fẹlá Aníkúlápó, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ fèrè àti ẹgbẹ́ akọrin Afrobeat, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbá ni àwọn méjèèjì, tí bàbá bàbá ti ìkejì, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ohùn ìbílẹ̀ kọrin ìyìn, débi pé ní 1922 ó kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí a bá ka ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ nípa Ṣówándé, a óò rí i pé ènìyàn méjì ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe. Ọ̀kan ni atẹdùùrù ilé Ọlọ́run, onímọ̀ tí ó wọ aṣọ oyè. Èkejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ dùùrù fún oníjó lóru ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń mẹ́nu bà ní gbólóhùn kan péré, bí ẹni ń bo àléébù ẹbí mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n, àti pé ẹni tí kò bá gba ti òru mọ́ ti ọ̀sán kò lè mọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Ọdún 1905 ni a bí i. Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí ni ní ìran, ṣùgbọ́n orin ti wà nínú ilé kí ó tó dé inú ilé: bàbá rẹ̀, Àlùfáà Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andrew Mímọ́ ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń wá ohùn tiwa fún orin ìjọ. Èkó Àkéte ni ọmọ náà ti kàwé, ní CMS Grammar School àti ní King's College, ibẹ̀ náà ni ó sì ti bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ó dà, Thomas Ekúndayọ̀ Phillips.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Phillips, nítorí pé bí a bá yin ọmọ tí a kò yin olùkọ́, ìyìn náà kò tíì pé. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó ni. Láàárín 1911 sí 1914 ó wà ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kọ́ dùùrù ilé ìjọsìn, píánò, àti fáólínì, ìyẹn ohun èlò olókùn mẹ́rin tí a ń fi ọrun onírun ẹṣin fà, tí àwọn àgbà ibòmíràn ń pè ní gòjé òyìnbó, tí wọn kò sì ṣìnà, nítorí pé irun ẹṣin kan náà ni gòjé tí ó ti ọwọ́ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa ń lò. Láti 1914 títí di 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko, òun ni ó wà nídìí dùùrù Kàtídírà Kristi ní Marina, kí ó tó fa ipò náà lé ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọmí, lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, níbi tí ó ti fi yéni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jẹ́ orin láti ẹnu wá, àti pé ẹni tí yóò bá ṣe ohùn orin fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí a ti ń sọ ọ́. Abẹ́ ọkùnrin yìí ni Ṣówándé ti kọrin gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń jókòó gbọ́ orin Bach, àgbà olórin ilẹ̀ Jámánì, tí ó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀gá. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ẹni tí ó bá sì ti mọ bí àwọn Àyàn ti ń kọ́ ọmọ wọn ní ìlù, tí ọmọ ń gbé ìlù kékeré tẹ̀lé bàbá lọ sí òde fún ọdún gbọọrọ kí ó tó gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká, yóò rí i pé ọ̀nà Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀-igi, ni Phillips gbà kọ́ ọ, nínú ilé ìjọsìn tí ó ní fèrèsé aláràbarà.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú ní Èkó, ọmọ akọrin náà a gba ibòmíràn lọ. Ó ń tẹ píánò fún àwọn oníjó, ó ń kọ́ jáàsì láti ẹnu rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà, ohun tí Kàtídírà kò lè fún un. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì tó lọ, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìkọ́lé ni ó lóun ń lọ kọ́. Ta ni ó ń tan ta ni? Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé ìka rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Ní 1936 ó wà níbi eré *Blackbirds*, ó ń bá àwọn akọrin Aláwọ̀dúdú ṣiṣẹ́. Ní ọdún kan náà ni ó jókòó síwájú àwọn olórin tí ó tẹ *Rhapsody in Blue* ti George Gershwin, iṣẹ́ tí kì í fàyè gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ó bá Adelaide Hall, olóhùn iyọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní ilé fàájì tí a ń pè ní Florida, ó ń tẹ Hammond, dùùrù tí ń lo iná mànàmáná, àwọn méjèèjì sì jọ kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Decca. BBC náà gbé ohùn dùùrù rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lára èyí wéré. Ilé fàájì ni ibi tí olórin ti ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ohun tí ó ń ṣe wọ àwọn ènìyàn lára tàbí kò wọ̀ wọ́n lára, nítorí pé bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, wọn yóò padà sídìí ọtí wọn.

Àwọn tí kò tíì rí dùùrù ńlá ilé ìjọsìn rí lè rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni. Ìtẹ́ ìka méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin ni ó wà lórí ara wọn bí àkàsọ̀. Nísàlẹ̀, igi gbọọrọgbọọrọ tò kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí ohùn wọn jìn bí ohùn ààrá tí ó wà lókè odò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, kókó igi wà tí a ń fà jáde, èyí láti mú ohùn fèrè wá, èyí láti mú ohùn kàkàkí wá. Ọwọ́ ọ̀tún lè máa kọ ohùn kan, ti òsì kí ó máa dá a lóhùn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa rìn lórí ohùn kẹta, ojú kí ó wà lórí ìwé, etí kí ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn akọrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìyálù, omele àti agogo pọ̀. Ní 1943, nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ṣì ń já lu Lọ́ńdọ̀nù, Ṣówándé yege ìdánwò tí ó ga jù lọ ní Royal College of Organists, ó sì di ẹni tí a ń fi àmì F.R.C.O. kọ lẹ́yìn orúkọ. Lọ́dọ̀ àwọn atẹdùùrù, ẹni tí ó bá ní àmì yìí kò tún ní ẹni tí yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún. Láti 1945 sí 1952 ni ó fi jẹ́ atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Donald Soper, oníwàásù tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ti ń ṣe olórí. Ọmọ Ẹ̀gbá wà nídìí dùùrù, àwọn òyìnbó ń dìde kọrin nígbà tí ó bá ní kí wọ́n dìde.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì yìí kan náà ni wọ́n mú un ṣe olùdámọ̀ràn orin fún Colonial Film Unit, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ya sinimá fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti kó ọ̀pọ̀ ohùn orin ilẹ̀ Áfíríkà jọ, láti inú rẹ̀ sì ni *African Suite* ti jáde ní 1944, iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi ń rìn jìnnà jù lọ títí di òní.

Àwọn ohun èlò olókùn nìkan, pẹ̀lú háàpù, ni ó kọ ọ́ fún: fáólínì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóhùn nípọn, àti èyí ńlá tí a ń dúró ta. Apá márùn-ún ni ó ní. Ohùn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá rárá, ti Ephraim Amu ni, ọmọ Ewe ní Gold Coast, ẹni tí wọ́n yọ kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní 1933 nítorí pé ó takú sí aṣọ ìbílẹ̀ wíwọ̀. Ṣówándé kò wojú ààlà. Ohun tí ó dára lọ́wọ́ aládùúgbò, ó mú un, ó sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Apá ìkẹyìn ni ẹ jẹ́ kí a fetí sí dáadáa. *Akinlà* ni orúkọ rẹ̀, orin háíláìfù ni, orin agbo ijó, irú èyí tí fèrè onídẹ àti ìlù ń gbé ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ní Èkó. Ó kó o kúrò lẹ́nu fèrè, ó gbé e fún fáólínì. Ó gba ìlù lọ́wọ́ onílù, ó sì pín iṣẹ́ ìlù fún àwọn okùn, tí àwọn kan ń fi ìka ta á tí àwọn yòókù ń fi ọrun fà á, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó ń gbọ́ ọ kò ní lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tí kò bá gbé ilé fàájì rí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì jókòó ti Phillips gbọ́ Bach kò ní mọ bí yóò ti pín ohùn kan sí ọ̀nà márùn-ún tí ọ̀kan kò fi ní tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Clyde Gilmour fi *Akinlà* ṣe orin ìdánimọ̀ ètò rẹ̀ lórí rédíò CBC, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 tí kò sì dópin títí di 1997. Ogójì ọdún àti lé ni wọ́n fi ń gbọ́ háíláìfù Èkó nínú òtútù yìnyín, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ni ín kò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀nà tí ó tọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn rí. Àwọn ará Czech, tí ìjọba àwọn Austria ti tẹ èdè wọn mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ti lò ó ṣáájú. Antonín Dvořák, ọmọ alápatà, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta fíólà, ẹ̀gbọ́n fáólínì, nínú ẹgbẹ́ olórin tíátà ní Prague kí orúkọ rẹ̀ tó ròkè, mú ijó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ wọ inú orin àwọn ọlọ́lá. Nígbà tí wọ́n sì pè é lọ sí New York ní 1892 láti wá ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ orin, ó sọ fún àwọn Amẹ́ríkà lójú wọn pé orin àwọn Aláwọ̀dúdú tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ orin ilẹ̀ wọn. Ṣówándé náà ṣiṣẹ́ lórí orin àwọn ọmọ ẹrú yìí, ó sọ *Go Down, Moses* di orin dùùrù. Síbẹ̀ ẹrù tirẹ̀ wúwo ju ti ará Czech yìí lọ ní ọ̀nà kan. Èdè Czech kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, nítorí náà bí Dvořák bá gbé ohùn orin gba ibi tí ó wù ú, kò sí ìyá àgbà tí yóò bi í pé kí ni ó ń wí.

Nínú àwọn iṣẹ́ tí ó kọ fún dùùrù ni a ti rí bí ó ti ru ẹrù náà: *K'á Múra*, *Jésù Olùgbàlà*, *Ọbáńgíjì*, *Oyígíyigì*, àwọn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York láàárín 1945 sí 1958. Ọbáńgíjì yẹ kí ó dùn mọ́ àwa Òkun ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé Ubangiji àwọn Haúsá ni, orúkọ Olúwa tí ó ti òkè ọya sọ̀ kalẹ̀ wá, tí ẹnu Yorùbá sì tún rọ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwa tí a wà ní ẹnu ibodè ti ń gbọ́ ọ ní ọ̀nà méjèèjì. *Oyígíyigì* ni mo gbà pé ó jinlẹ̀ jù nínú wọn. Oríkì Olódùmarè ni, Oyígíyigì, Ọba àpáta. Ohùn tí àwọn ènìyàn ń kọ ni ó gbé kalẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń wọ̀ ọ́ ní aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí onílù tí ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ ìlù nígbà tí ohun tí ó ń wí kò yí padà. Ohùn Yorùbá náà kò sọnù nínú rẹ̀. Orin yìí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, dùùrù nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò máa gbọ́ orúkọ náà tí ìró ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti í gbọ́ oríkì Ọba lẹ́nu dùndún tí kò ní ahọ́n.

Ní 1953 ó padà wá sílé, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka orin ní iléeṣẹ́ rédíò Nàìjíríà, ó ń tẹ dùùrù fún àwọn tí ó wà nílé, ó sì ń fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn àgbà onílù àti onírárà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. *Folk Symphony* rẹ̀ ni ó fi kí òmìnira Nàìjíríà káàbọ̀ ní 1960. Ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ní Yunifásítì, ó bọ́ sínú ìwádìí ẹsẹ̀ Ifá àti ìgbàgbọ́ àtijọ́, débi pé ẹni tí a mọ̀ sí atẹdùùrù di ẹni tí ń jókòó lẹ́sẹ̀ babaláwo. Àwọn kan sọ nígbà náà pé ó ti fi ọ̀nà ìgbàgbọ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì sọ pé òyìnbó dúdú ni títí ayé. Ọ̀rọ̀ àwọn ìkejì ni ó ń bí mi nínú jù. Wọ́n ní ohun èlò òyìnbó ni ó ń lò; ta ni ó wá rọ gòjé fún wa? Wọ́n ní ó ń kọ orin rẹ̀ sínú ìwé. Àwa náà kọ́ ni à ń ka Bíbélì tí Àjàyí Crowther túmọ̀ nínú ìwé? Bí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá wà lọ́rùn Ṣówándé, mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ni pé láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, orin tí ó ń kọ di ọ̀wọ́n, a gba ọ̀mọ̀wé, a sì pàdánù olórin.

Láti 1968 ni ó ti kọjá sí Amẹ́ríkà, tí ó kọ́ni ní Howard, lẹ́yìn náà ní Pittsburgh, àti níkẹyìn ní Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àwọn tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, bíi Ayọ̀ Bánkọ́lé tí a bí ní Jọ́ọ̀sì ní 1935, Akin Euba, àti Samuel Akpabot tí òun náà kọrin lábẹ́ Phillips, olúkúlùkù wọn tó kí a kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 1987, Ṣówándé kú ní Ravenna, ní Ohio, wọ́n sì sin ín sí Randolph Township, ní Ohio kan náà.

Ní Amuro lónìí, dùùrù oníẹwìrì tí mo sọ níṣàájú kò sí mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù oníná, pẹ̀lú dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Nígbà tí mo bi í léèrè bóyá ó mọ Ṣówándé, ó ní, "Bàbá, ṣé ará Mopa ni wọ́n?" Ẹ̀yin olórí akọrin ilẹ̀ Òkun, láti Kabba dé Egbe, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta, mo bẹ̀ yín: ẹ tú àwọn àpótí àtijọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ibi tí ẹ ń kó aṣọ akọrin sí. Bí ẹ bá rí *Oyígíyigì* tàbí *K'á Múra* nínú wọn, ẹ jẹ́ kí irú ọmọ yìí rí i kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.